Kànga Tó Ń Mí

Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi jẹun nínú ilẹ̀. Mi ò sọ pé mo ṣe àgbẹ̀ o. Inú ilẹ̀ gan-an ni mò ń wí, níbi tí oòrùn ò dé, tó jẹ́ pé tí èèyàn bá gbójú sókè, ojú ọ̀run á kéré bí ọmọrí ìkòkò. Kànga ni mò ń gbẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó máa ń wá jókòó ní ẹ̀yìnkùlé mi ní Òkè-Baálẹ̀ nílùú Òṣogbo máa ń bi mí pé irú iṣẹ́ wo ló dáa kí àwọn kọ́, mo sì ń rí i lójú wọn pé wọn ò retí kí n dárúkọ tèmi. Mi ò ní sọ pé kí ẹ kọ́ ọ, mi ò sì ní sọ pé kí ẹ má kọ́ ọ. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí, kí ẹ wá fúnra yín ṣèpinnu.

Rájì lorúkọ mi. Iṣẹ́ aránṣọ ni bàbá mi fi mí sí, mo sì ti lo ọdún kan nídìí ẹ̀rọ kí àwọn kan tó wá gbẹ́ kànga sí agboolé wa. Ọkùnrin kan wọ inú ilẹ̀ láàárọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ náà, mi ò rí i, ìró ìwalẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́, tó ń jìnnà sí i. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n fà á jáde. Amọ̀ pupa bò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ojú rẹ̀ nìkan ló funfun. Ó wò wá bí ẹni tó ti ìrìnàjò dé, ó ní, "Omi wà níbẹ̀. Ó ti ń dúró dè yín tipẹ́."

Ọkùnrin náà ni Ọ̀gá Ògúnlẹ́yẹ, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ará Ìwàrájà. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo ti di ẹrù mi tẹ̀ lé e lọ sílé. Bàbá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọdún kan gbáko. Bí wọ́n ṣe gbà mí sẹ́nu iṣẹ́ àti ohun tí mò ń gbà kò tó ìtàn, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni Ọ̀gá, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, èyí tó bá sì sọ, Ìjẹ̀ṣà tó ki ni. Èmi ọmọ Òṣogbo, oṣù kan ni mo fi ń mi orí sí ohun tí kò yé mi, tí mo sì ń jìyà rẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni kò fi jẹ́ kí n wọ kànga. Orí ilẹ̀ ni mo wà tí mò ń fa garawa iyẹ̀pẹ̀ sókè, títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó, tó sì yi bí ẹ̀yìn ahun. A jẹ́ méjì tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì mi ni Tìmótì, ẹgbẹ́ mi lọ́jọ́ orí, àmọ́ ó ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú mi. Ọmọ ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Ìwàrájà ni. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà, torí àwọn tọ́rọ̀ kàn ṣì wà láyé.

Òfin Ọ̀gá kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè rú u kó lọ láìjìyà. Kí ẹnikẹ́ni tó wọ kànga, a gbọ́dọ̀ so fìtílà mọ́ okùn, ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Bí iná bá kú, afẹ́fẹ́ burúkú wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ èèyàn ò gbọdọ̀ débẹ̀. Okùn la fi ń bá ẹni tó wà nísàlẹ̀ sọ̀rọ̀. Bó bá fà á lẹ́ẹ̀kan, kí a sọ garawa kalẹ̀. Bó bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, kí a fa garawa sókè. Bó bá fà á lẹ́ẹ̀mẹta, kí a fa òun fúnra rẹ̀. Èyí tó le jù ni pé a ò gbọdọ̀ pe orúkọ èèyàn sínú kànga. Mo béèrè ìdí ẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ọ̀gá ní, "Ohun tó o bá fún kànga, ó máa dá a padà. Orúkọ èèyàn kì í ṣe ohun tó yẹ kó máa tibẹ̀ bọ̀."

Nígbà kan, mo wọ kànga láìsọ fìtílà kalẹ̀ ná. Kò nà mí. Ó jẹ́ kí n jáde tán, ó ní kí n tan fìtílà, kí n sọ ọ́ kalẹ̀, kí n fà á sókè, kí n wá sọ fún òun bí iná ṣe rí. Nígbà tí mo sọ tán, ó ní kí n tún un ṣe. Láti ìyálẹ̀ta títí dé ìrọ̀lẹ́ ni mo fi ń ṣe é. Kí oòrùn tó wọ̀, mo ti mọ bí iná ṣe ń dúró ṣinṣin, bó ṣe ń gbọ̀n, bó ṣe ń fẹ̀gbẹ́ kan bíi pé ẹnì kan ń fẹ́ atẹ́gùn sí i láti ìsàlẹ̀. Ó ní èyí tó ń fẹ̀gbẹ́ yẹn ló yẹ kí n bẹ̀rù jù, torí èyí tó kú ti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún èèyàn ná.

Ohun mìíràn tó fi kọ́ wa kò jọ iṣẹ́ rárá lójú mi nígbà náà. Kò sí agboolé tí a ti gbẹ́ kànga parí tí kì í pe àwọn onílé jọ ká tó lọ. Á ní kí wọ́n pọnmi láàárọ̀, kí wọ́n pọnmi nírọ̀lẹ́, àmọ́ bó bá di ọ̀sán gangan, kí wọ́n dé kànga, kí wọ́n fi í sílẹ̀. "Ọmú ni kànga," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. "Ọmọ tó bá ń fa ọmú tí kò jẹ́ kó sinmi, ẹ̀jẹ̀ ló máa fà níkẹyìn." Á wá dojú bolẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, á fi etí lé ilẹ̀. Ó ní ọ̀sán ni omi máa ń rìn wọlé. Àwọn onílé á máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀sán gangan nígbà náà, ìgbà tí wọ́n ń kìlọ̀ fún ọmọdé pé kó má dá rìn ni. Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí mo ti fi etí mi náà lélẹ̀ rí, mo sì gbọ́ ohun kan tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ mi.

Ọdún kẹta tí mo dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá ni ọ̀gbẹlẹ̀ ńlá náà dé. Ọyẹ́ tètè wọlé, kò sì fẹ́ lọ. Odò tó wà nílùú Tìmótì gbẹ títí tí ẹja fi kú sórí ẹrẹ̀. Kànga kọ̀ọ̀kan ń gbẹ tẹ̀ lé ara wọn, ó wá ku ẹyọ kan ṣoṣo, èyí tó wà ní agboolé ìyá Tìmótì. Yèyé ni gbogbo ayé ń pe ìyá náà. Opó ni, Tìmótì nìkan ló bí.

Ọ̀gá lọ síbẹ̀, ó bá wọn ṣètò. Garawa méjì fún ilé kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́. Kí wọ́n má da omi ìfọṣọ nù, kí wọ́n fi fọ ilẹ̀. Kí wọ́n má pọn rárá lọ́sàn-án. Ìlú gbà. Ọ̀sẹ̀ méjì sí i, omi náà ń tó wọn lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣín-ún ni.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Ó ní ilé tó fẹ́ kọ́ parí kí òjò tó dé. Nígbà tí gbogbo ìlú bá ti wọlé sá fún oòrùn, á gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi wá, á fi epo sí i, á sì máa fà á fún búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Yèyé bá a wí, kò gbọ́. Àwọn aládùúgbò rí i, olúkúlùkù ní kì í ṣe tòun. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ẹrẹ̀ ló kù nínú kànga. Ìgbà náà ni wọ́n ránṣẹ́ sí wa pé ká wá gbẹ́ ẹ jìn sí i.

Ọ̀gá kọ̀. Ó ní kànga náà ò nílò kó jìn, ìsinmi ló nílò, kí wọ́n fún un ní ọjọ́ mẹ́ta péré. Wọ́n bínú. Ojú ń dun Ọ̀gá lásìkò náà, ó ní láti lọ gbàtọ́jú ní Iléṣà. Ọjọ́ tó lọ ni wọ́n wá bá Tìmótì. Wọ́n ní ṣé òun tó jẹ́ ọmọ ìlú ló máa jẹ́ kí òùngbẹ pa ìlú? Mo wo ojú Tìmótì, mo mọ̀ pé ó ti gbà kó tó la ẹnu. Mo lè dá a dúró. Mi ò dá a dúró. Èmi náà gbé okùn.

Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn mú débi pé àwọn adìyẹ dákẹ́. A sọ fìtílà kalẹ̀. Iná náà ò kú. Ó fẹ̀gbẹ́ kan, ó dúró bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún Tìmótì pé mi ò fẹ́ bó ṣe rí. Ó ní, "Kò kú, Rájì. Jẹ́ kí n lọ." Ó so okùn mọ́ ìbàdí, ó sì wọlé.

Fún ìgbà díẹ̀, gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa. Mò ń gbọ́ ìró ìwalẹ̀ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta á sinmi, ẹ̀ẹ̀mẹta á sinmi, bó ṣe máa ń walẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ẹrẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rú bò ó lẹ́sẹ̀. Oníbúlọ́ọ̀kù ní kí òun bá a fà á gbẹ. Ó sọ ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀ sórí pákó kan nínú kànga, ó tàn án, èéfín rẹ̀ sì ń wọ ìsàlẹ̀ lọ. A ò mọ ohun tí a mọ̀ lónìí nípa èéfín ẹ̀rọ. Àìmọ̀ náà kì í ṣe àwíjàre, torí òfin Ọ̀gá ti tó wa.

Ìró ìwalẹ̀ dákẹ́. Mo ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ. Mo mi okùn, kò sẹ́ni tó mì ín padà. Mo gbàgbé gbogbo òfin, mo ki orí bọ ẹnu kànga, mo pe orúkọ rẹ̀.

Orúkọ náà padà wá, bí ohùn ṣe ń padà nínú kànga.  Lẹ́yìn tí mo ti dákẹ́, tó ti pẹ́ tó kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀mejì, ó tún wá lẹ́ẹ̀kejì, jẹ́ẹ́jẹ́, bíi pé ẹnì kan ń fi ẹnu tọ́ ọ wò. Àwọn ọkùnrin méjì tó dúró tì mí gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni okùn fà lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta.

A fà á pẹ̀lú gbogbo agbára wa. Ó fúyẹ́. Nígbà tí ìdí okùn yọ, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi ojóbó tí Tìmótì fúnra rẹ̀ so, kò tú, kò já.

Mo fẹ́ wọlé, wọ́n dì mí mú. A tún sọ fìtílà kalẹ̀, kò tíì dé ìdajì tó fi kú. Ọjọ́ kejì, nígbà tí Ọ̀gá dé láti Iléṣà, ni a tó lè gbé òkú Tìmótì jáde. Ọ̀gá ní ẹni tó bá fa irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ símú kì í mọ ohun tí ọwọ́ òun ń ṣe mọ́, ó lè fa okùn, ó sì lè bọ́ ọ kúrò lára. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ mo mọ bí okùn yẹn ṣe wà lára rẹ̀ típẹ́típẹ́.

Yèyé ò sunkún lójú wa. Nígbà tí wọ́n sin ín tán, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó bi mí pé nígbà tí mo pe ọmọ òun, ta ló dá mi lóhùn. Mo ní ohùn mi ló padà. Ó wò mí títí, ó ní, "Mo wà nílé ìdáná. Mo mọ ohùn rẹ, Rájì, mo sì mọ ohùn ọmọ mi." 

Ẹ wá gbọ́ èyí tó bà mí lẹ́rù jù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta ìsìnkú náà, a ṣí kànga, omi kún inú rẹ̀. Omi mímọ́ gaara, tó tutù, tó ga ju ibi tó dé láti ìgbà òjò lọ. Ìlú ń kú lọ fún òùngbẹ, kò sì sẹ́ni tó lè fi ẹnu kàn án. Wọ́n yàn láti rìn lọ sí odò ọ̀nà jíjìn. Ọ̀gá dúró létí kànga náà, ó ṣí fìlà lórí, ó ní, "Ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta tí a bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún un, ikú ló wá gbà á fún un."

Láti ọjọ́ náà, bó bá di ọ̀sán, àwọn obìnrin agboolé ń gbọ́ ìró ìwalẹ̀ nísàlẹ̀. Èmi náà lọ gbọ́ ọ. Kò, kò, kò, á sinmi. Kò, kò, kò, á sinmi. Ọ̀gá dojú bolẹ̀, ó gbọ́ ọ pẹ́, ó ní omi ló ń kán láti ara ògiri. Bóyá òótọ́ ni. Àmọ́ ní gbogbo ìgbà tí mo bá a gbé lẹ́yìn ìyẹn, kò tún fetí lé ilẹ̀ mọ́ lójú mi.

Mo rò pé màá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. N kò fi í sílẹ̀. Ọ̀gá ní bí ẹni tó mọ ewu ibẹ̀ bá kúrò, ta ló máa kù tí yóò wọ̀ ọ́? Nígbà tó kú, mo gba fìtílà rẹ̀. Mo gbẹ́ kànga láti Iléṣà dé Òṣogbo, mi ò sì pàdánù èèyàn kan mọ́. Irinṣẹ́ ń yí padà lójú mi. Garawa onírin lọ, garawa onírọ́bà dé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi sìmẹ́ǹtì mọ òrùka sínú kànga kí ògiri má baà ya. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ńlá tó ń gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù dé, èyí tó ń ṣe ohun tí mo fi oṣù kan ṣe lọ́jọ́ kan, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní láti wọ ilẹ̀. Inú mi dùn sí ìyẹn, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tó ń fi okùn fa omi mọ bó ṣe wúwo tó. Ẹni tó kàn ń yí ẹ̀rọ nínú ilé ìwẹ̀ ò mọ̀ ọ́n. Mo ti rí ibi tí omi ti ń dà nù lára táńkì láàárọ̀ títí dalẹ́, tí onílé jókòó sábẹ́ rẹ̀ tó ń tẹ fóònù.

Mo ti fẹ̀yìn tì, mo ti padà sí Òkè-Baálẹ̀, nígbà tí ìlú Yèyé ránṣẹ́ pè mí. Ọ̀gbẹlẹ̀ mìíràn ti mú wọn, kò tíì pẹ́ púpọ̀. Bọ́ọ̀hóòlù wọn ti ń pọ yanrìn. Wọ́n fẹ́ kí n wá fi ibi tí wọ́n máa gbẹ́ òmíràn sí hàn wọ́n. Mo dé ibẹ̀, mo bá bọ́ọ̀hóòlù mẹ́fà lórí ilẹ̀ tí kò ju pápá ìṣeré lọ, gbogbo wọn ń mu láti ara iṣan omi kan náà, ẹ̀rọ wọn ń ké láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Mo sọ fún wọn pé kì í ṣe èkeje ni wọ́n nílò. Kí wọ́n pín àkókò láàárín ara wọn, kí wọ́n dí ibi tó ń jò, kí wọ́n tọ́jú omi ìfọṣọ, kí wọ́n sì pa gbogbo ẹ̀rọ lọ́sàn-án. Olórí àwọn ọ̀dọ́ wọn, géńdé kan tó ń jẹ́ Ṣẹ́gun, bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ayé àtijọ́ ni ẹ ń wí." Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín.

Mo ní kí wọ́n bá mi dé agboolé Yèyé. Ó ṣì wà láyé, ó ti gbó kọjá àfẹnusọ, ó jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà. Páànù ni wọ́n fi dé kànga náà láti ọjọ́ yìí wá. A ṣí i. Ó gbẹ táútáú. Mo já ewé gbígbẹ kan, mo gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ mi lójú kànga. Kò sí atẹ́gùn kankan níta, síbẹ̀ ewé náà yọ́ kúrò lọ́wọ́ mi, ó wọ inú ilẹ̀ lọ bíi pé wọ́n fà á. Ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn. Mo ní nítorí omi tí wọ́n ń fà sókè ni kànga ṣe ń mí sínú. Mo bẹ Ṣẹ́gun pé kó lọ pa ẹ̀rọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, fún wákàtí méjì péré.

Ẹ̀rọ kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí èyí tó kẹ́yìn kú, ìlú dákẹ́ débi tí mo fi gbọ́ bí Yèyé ṣe ń mí. A jókòó. Àwọn kan fẹ́ máa lọ. Nígbà tó ṣe, ohun kan tó tutù kàn mí lójú. Mo rí i tó kan àwọn yòókù náà, torí olúkúlùkù wọn sún sẹ́yìn. Kànga náà ti ń mí síta, òórùn ilẹ̀ tútù sì ń bá a jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ìró náà bẹ̀rẹ̀. Kò, kò, kò, á sinmi.

 Ṣẹ́gun bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kí ni yẹn. Mo fẹ́ sọ pé omi ló ń kán, bí Ọ̀gá ṣe sọ. Yèyé ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. Ó ní, "Ẹnì kan tó ń bá yín wá omi ni. Ẹ má pariwo mọ́ ọn."

Ọjọ́ náà ni wọ́n pín àkókò. Ilé kọ̀ọ̀kan mọ garawa tirẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ń yẹ táńkì wò láti ojúlé dé ojúlé. Wọ́n fi bẹ́ẹ̀ la ọ̀gbẹlẹ̀ náà já, ẹnikẹ́ni ò gbẹ́ èkeje. Ìlú mìíràn tó wà nítòsí gbẹ́ mẹ́rin sí i, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbẹ.

Èmi ò gbà pé ó máa pẹ́. Mo mọ ọmọ aráyé. Bí òjò bá ti dé, wọ́n á yẹ àdéhùn. Nítorí náà, nígbà tí òjò ti rọ̀ fún oṣù mẹ́ta, mo tún wọkọ̀ lọ síbẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Gọ́tà kún, odò ti bo etí rẹ̀, omi wà níbi gbogbo tí ojú bá wò. Ọ̀sán gangan ni mo dé. Mo dúró láàárín ìlú, mo tẹ́tí sílẹ̀, mi ò gbọ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo.

Ìyàwó tuntun kan ń gba iwájú mi kọjá pẹ̀lú igbá lọ́wọ́. Kò mọ̀ mí, kò sì lè mọ ohunkóhun nípa ọjọ́ àtijọ́, ó ní àìpẹ́ yìí ni òun ṣègbéyàwó wá síbẹ̀. Mo kí i, mo bi í pé ṣé kò sí epo ni, tí gbogbo ẹ̀rọ fi dákẹ́.

Ó kúnlẹ̀, ó dá mi lóhùn láìgbé ohùn sókè. "Epo wà, bàbá. Wọ́n ní omi ń sinmi. Ẹ rọra sọ̀rọ̀."